Kí Ló Dé Tí A Fi Ń Dáná Sun Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́?

Bí àgbàlagbà bá kú ní ìlú wa, tí wọ́n sin ín tán, tí àlejò ti padà sílé, iṣẹ́ tó kù fún àwọn ọmọ ni kí wọ́n palẹ̀ yàrá mọ́. Wọn a pín aṣọ. Wọn a pe ìpàdé ẹbí lórí ilé àti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí tí fọ́tò àtijọ́ wà nínú rẹ̀ kì í sábà ní olùbéèrè. Ikán ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀, òjò tó ń jò láti òkè àjà ti ba díẹ̀ jẹ́, àwọn ọmọ kò sì mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú tó ń wò wọ́n láti inú àwòrán náà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń sun pàǹtí ni àpótí náà ń gbà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le. Kì í ṣe pàǹtí ni à ń sun níbẹ̀. Ìtàn ìlú ni. Bí àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán àti ohun èlò àtijọ́ wa jọ, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa sọ fún àwọn ọmọ wa bí àwọn baba ńlá wọn ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe nítorí eré ìdárayá kan ṣoṣo. Wọ́n ní eré kan tí wọ́n ń pè ní baseball, tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré lórí pápá. Ní ọdún 1845, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Knickerbocker ní ìlú New York kọ òfin eré náà sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1865, ayafọ́tò kan ya àwòrán ẹgbẹ́ Brooklyn Atlantics, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí pélébé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ̀dà kan wà ní Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba wọn ní Washington. Ẹ̀dà mìíràn jáde láàárín àwọn ohun àlòkù tí ẹnìkan rà ní ìpínlẹ̀ Maine. Nígbà tí wọ́n tà á ní gbàǹjo ní ọdún 2013, dọ́là 92,000 ni wọ́n san lé e lórí. Páálí pélébé ni o, kì í ṣe wúrà.

Àwọn tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ ní Amẹ́ríkà pọ̀ lọ jàra: àwòrán, igi ìgbábọ́ọ̀lù, ìbọ̀wọ́, ìwé tí wọ́n fi ń ṣírò ayò. Albert Spalding, tó ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù kó tó di oníṣòwò, kó tirẹ̀ jọ títí tó fi kú. Ní ọdún 1921, opó rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ fún ilé ìkàwé gbogboogbò ti New York. Títí di òní olónìí, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn eré náà kò lè ṣe kó má yà síbẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ògbólógbòó kan. Ní ọdún 1934, wọ́n rí i nínú àpótí àtijọ́ kan nítòsí ìlú Cooperstown, ó ti ya, òwú ti ń yọ lára rẹ̀. Ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Stephen Clark fi dọ́là márùn-ún rà á. Ó gbé e kalẹ̀ fún àwọn èèyàn láti máa wò, ó tún wá àwọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn, nígbà tó sì di ọdún 1939, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé eré náà ní Cooperstown. Ìlú kékeré ni Cooperstown, kò súnmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ rárá ní títóbi, ṣùgbọ́n láti gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń wá wo ibẹ̀. Ìtàn tí wọ́n so mọ́ bọ́ọ̀lù yẹn, pé ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Abner Doubleday ló dá eré náà sílẹ̀ ní ìlú ọ̀hún, àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti rí i pé irọ́ ni. Nítorí pé wọ́n pa ohun èlò àti ìwé mọ́ ni wọ́n fi rí ohun tí wọ́n fi já irọ́ náà. Èyí tó bá ti jóná, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́, òótọ́ inú rẹ̀ àti irọ́ tí wọ́n bá so mọ́ ọn ti di ọ̀kan náà.

Kí ló kan Ògbómọ̀ṣọ́ nínú èyí? Ó kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọdún 1845 yẹn kan náà ni wọ́n dá àpapọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní ìlú Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Àwọn ni wọ́n rán Thomas Jefferson Bowen wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1850, ó gbé Ìjàyè, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855, ọdún mẹ́wàá gééré kí wọ́n tó ya àwòrán Brooklyn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní 1857. Ní 1858, ilé iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe. Àwọn ìwé wọ̀nyí wà digbí títí di òní. Ṣùgbọ́n Ìjàyè fúnra rẹ̀ ti fọ́ ní ọdún 1862, ogun ti gbé e lọ pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn Bowen, àwọn míṣọ́nnárì mìíràn tẹ̀ lé e. Ní 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀, èyí tó di Seminary tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1907 ni Dókítà George Green dé, iṣẹ́ ìwòsàn tó bẹ̀rẹ̀ ló sì di ilé ìwòsàn ńlá tó ń jẹ́ ti Yunifásítì Bowen lónìí. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kọ lẹ́tà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sílé. Ilé wọn kò sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwòrán àtijọ́ àwọn ìlú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, ní Amẹ́ríkà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwákiri, ní àwọn ilé ìpamọ́ ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi. A dúpẹ́ pé wọ́n tọ́jú wọn. Àmọ́ ojú àlejò ni wọ́n fi ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwòrán àwọn míṣọ́nnárì láti ibikíbi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: orúkọ òyìnbó á sábà wà níbẹ̀ pérépéré, ṣùgbọ́n àwọn tó yí i ká a máa jẹ́ “ọmọ ìjọ”, “ìránṣẹ́”, tàbí “olóyè kan”. Ẹni tó ní orúkọ àti oríkì nílé rẹ̀ di aláìlórúkọ nínú ìwé ẹlòmíràn.

Àwa náà kò sì jókòó tẹtẹrẹ. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí, àwọn adúláwọ̀ ti ń ya fọ́tò fúnra wọn. Neils Walwin Holm wá láti Accra, ó ṣí ilé ìyafọ́tò sí Èkó. Jonathan Adagogo Green ń ya àwòrán àwọn ọba àti oníṣòwò ní Bonny. Láti etíkun ni iṣẹ́ náà ti wọ inú ilẹ̀, títí kò fi sí ìlú Yorùbá tó lórúkọ tí kò ní ayafọ́tò tirẹ̀. Nígbà tí Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1978, ó rí i pé a kò kàn wo òyìnbó ṣe. Àgbàlagbà wa máa ń jókòó ṣánṣán, á tẹ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á sì kọjú sí wa bí ẹni tó mọ ipò rẹ̀. Sprague tún rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, ayafọ́tò lè tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, kí ìbejì lè pé méjì lójú ìyá wọn. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni fọ́tò gbà ṣe. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kó sọ pé aṣìṣe ni, kó wá fà á ya.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdí mìíràn tún wà tí fọ́tò fi ṣe iyebíye. Ìlú arìnrìn-àjò ni wá. Òwò gbé àwọn èèyàn wa dé Òkè Ọya, ó gbé wọn dé Gánà, títí dé Kumasi àti Tamale. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gba ìwé tàbí kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ló fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe fẹ́ gbé ilé sẹ́rù. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò wúwo, kò sì gba àyè. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwòrán àtijọ́ nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí òǹtẹ̀ ilé ìyafọ́tò Kumasi tàbí Tamale bá wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù nìyẹn pé ẹbí yín ti ní ṣọ́ọ̀bù rí lójú pópó ìlú onílùú. Ẹni tó bá sun ún, ó sun ìwé ẹ̀rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun èlò. Kámẹ́rà onígi tí baba ayafọ́tò gbé dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Gíláàsì àti fíìmù tó ya àwòrán sí. Òfì àti ọkọ̀ ìhunṣọ. Ọpọ́n ayò tí ọwọ́ ti dán. Ife tí ilé ìwé gbà nínú ìdíje. Àwòrán ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n jókòó ní ìlà méjì, tí wọ́n fi ẹfun kọ ọdún sára bọ́ọ̀lù tó wà láàárín. Ní ọdún 1949, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ lọ sí Ìlú Ọba, tí Teslim “Thunder” Balogun sì wà lára wọn, púpọ̀ nínú wọn ló gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Fọ́tò ló jẹ́ kí ọmọ òde òní gbà pé òótọ́ ni. Bí kò bá sí fọ́tò, àlọ́ ni wọn ìbá pè é.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ebi ń pa ará ìlú, ta ló rí àyè fọ́tò? Ọ̀rọ̀ ebi kì í ṣe eré, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná ni ní owó oúnjẹ. Ìgbà tí a kò bá mọ iye nǹkan gan-an ni a máa ń tà á ní ọ̀pọ̀. Àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ ń rìn káàkiri, wọ́n mọ iye tí fọ́tò Áfíríkà ń mú wọlé lókè òkun.

Àwọn mìíràn á ní òrìṣà ni àwọn nǹkan àtijọ́, kí á jó wọn fún ìgbàlà ilé. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí ṣá pé àwòrán bàbá tó jókòó pẹ̀lú Bíbélì tàbí tẹ̀súbáà lọ́wọ́ kì í ṣe òrìṣà. Inú àpótí kan náà ni àwòrán àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa wà pẹ̀lú ti àwọn onísẹ̀ṣe. Iná kì í yan èyí tó máa jó.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní Facebook ti gba gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, fọ́tò àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ta ló yà á? Ọdún wo? Ojúlé ta ni? Ẹnìkan á gbé àwòrán síta, á ní Sọ̀ún kan ni. Ẹlòmíràn á gbé e, á ní ọba Ìlọrin ni. Ìjà á bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò rí ojúlówó rẹ̀ rí. Àwòrán tí kò ní orúkọ dà bí ọmọ tó sọnù lọ́jà: gbogbo èèyàn ló lè sọ pé tòun ni. Ní 1991, wọ́n pàtẹ àwòrán Seydou Keïta ti ìlú Bamako sí New York, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò mọ ẹni tó yà á. Bàbá náà wà láàyè ní Bamako nígbà yẹn! Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó wá a kàn kó tó kú ní 2001, orúkọ rẹ̀ ìbá ti ṣègbé, àwọn ẹlòmíràn ìbá sì máa jẹun lórí iṣẹ́ rẹ̀.

Àtakò kan wà tó ní ìtumọ̀, n kò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àwọn ẹbí kan ń bẹ̀rù pé bí fọ́tò bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n lè lò ó nínú ẹjọ́ oyè tàbí ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹni tó jókòó sápá ọ̀tún ọba nínú àwòrán ọdún kan lè di ọ̀rọ̀ kóòtù. Ìyẹn gan-an ni kò fi yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹyọ ojúlé kan ṣoṣo, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó lè fi pamọ́ nígbà tí kò bá gbè é. Ẹ̀dà ni kí a kó jọ, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ ẹbí, kí àkọsílẹ̀ sì wà pé ta ló mú un wá, ọjọ́ wo, àti ohun tó sọ nípa rẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ inú ilé. Ẹ má fi bírò kọ nǹkan sẹ́yìn fọ́tò. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ, ìlú àti ọdún. Ẹ má fi sẹ́lótéépù lẹ èyí tó ya, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni yóò bà á jẹ́ tó bá yá. Ẹ gbé e kúrò lára ògiri tó ń rin, ẹ má sì kó o sínú ọ̀rá tí atẹ́gùn kò lè wọ̀. Ẹ fi fóònù yà á nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ bá àgbà tó ṣẹ́kù, kí ẹ tan fóònù sílẹ̀ kó gba ohùn rẹ̀ bó ṣe ń dárúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí kò ṣé sún síwájú, torí pé bí fọ́tò tilẹ̀ lè dúró dè wá fún ogún ọdún sí i, ẹni tó mọ orúkọ lè má dúró.

Ìkejì ni ti àwọn ayafọ́tò. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti kú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Fíìmù tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe pàtàkì ju fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ lọ, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìlú wà, kì í ṣe ẹbí kan. Bí ẹ bá ṣí páálí náà, tí òórùn bíi ti ọtí kíkan bá jáde, fíìmù ti ń kú nìyẹn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kó má ba àwọn yòókù jẹ́, kí ẹ sì tètè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo bẹ ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò ìlú wa pé kí wọ́n ka orúkọ àwọn ọ̀gá àtijọ́, kí wọ́n sì bẹ ilé wọn wò.

Ìkẹta ni ti àwọn ilé ńlá. Ààfin Sọ̀ún ní ọlá tí àwọn ojúlé yóò fi fọkàn tán an. Seminary ní ilé ìkàwé àti ìtàn tó gùn ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ní àwọn ọmọ tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá jókòó papọ̀, ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà, yàrá kan tí òjò kò jò sí, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀dà wà ní ibi mẹ́ta tó jìnnà síra wọn. Ní oṣù Kínní ọdún 2013, iná sọ nínú ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, iná run ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Brazil, pẹ̀lú gbogbo owó tí orílẹ̀-èdè ní. Kí àkọsílẹ̀ sì pé pẹ̀lú, nítorí pé olè jí nínú àwọn àwòrán Spalding pàápàá ní New York. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ pé a ní, a kò lè sọ pé wọ́n jí i.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìlú tó ti dàgbà tó Ògbómọ̀ṣọ́ nílò ẹ̀yìn tó lè wò. Ọdún ń bọ̀, Iléyá àti Kérésì, tí àwọn ọmọ yóò ti Èkó, Kánò àti òkè òkun wálé. Kí ojúlé kọ̀ọ̀kan yan ọ̀sán kan ṣoṣo nínú ọjọ́ ọdún yẹn, kí wọ́n gbé àpótí fọ́tò jáde sí gbàgede, kí àgbà máa dárúkọ, kí ọmọ máa kọ. Ohun tí Stephen Clark fi bẹ̀rẹ̀ ní Cooperstown kò ju bọ́ọ̀lù yíya kan lọ. Ohun tó wà nínú àpótí yín pọ̀ ju ìyẹn lọ.